Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Mu Mílíìkì Màlúù Láìsè

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé iná ń pa gbogbo oore inú mílíìkì ni àwọn kan ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí gáà, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń da mílíìkì sọ́fun bó ṣe jáde lára ọmú màlúù. Owó ń ṣòfò, ara sì ń jìyà.

Àkọ́kọ́, iná kì í gba oore mílíìkì. Kálísíọ́mù inú rẹ̀ kì í bá iná lọ, purotéènì àti ọ̀rá náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń dín kù ni fítámì C àti díẹ̀ lára àwọn fítámì B. Ta ló sì ń wá fítámì C lọ sínú mílíìkì? Ọsàn kan ṣoṣo ju ife mílíìkì lọ dáadáa. Ẹni tí mílíìkì ń fún ní inú rírun, láktóòsì, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, iye kan náà ló sì wà nínú èyí tí a sè àti èyí tí a kò sè.

Èkejì, ẹ yé wo ara màlúù. Èyí tó sanra, tí irun rẹ̀ ń dán, lè gbé kòkòrò brucellosis, àìsàn oníbà tí màlúù ń kó ran èèyàn, tàbí ti TB (ikọ́ ẹ̀gbẹ) sínú mílíìkì. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní E. coli O157 ń gbé inú ìgbẹ́ màlúù tí kò ṣàìsàn rárá, ìgbẹ́ bíńtín tó ta sí ọmú sì ti tó. Bí ó bá wọ inú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹta, nónò tó kan kò túmọ̀ sí nónò tó mọ́. Kíkan ń dín láktóòsì kù, kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún pípa kòkòrò. Yìnyín náà kò pa á.

Àwọn tó ń bíni nínú jù ni àwọn tó ní àwọn ti sè é. Wọ́n gbé e kaná, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò tíì jinná! Ní ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi mílíìkì sí ooru 63°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà, kí ó jẹ́ kó hó. Mílíìkì máa ń ru sókè kó tó hó, nítorí awọ tó dì lójú rẹ̀ ń há ooru mọ́ abẹ́. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti rí i pé ó ru, wọ́n á sáré gbé e kúrò. Ẹ má bu ú kọjá ìdajì ìkòkò, ẹ dín iná kù, ẹ máa fi ṣíbí rò ó dé ìsàlẹ̀ kó má baà jóná, títí yóò fi hó gudugudu ní àárín àti ní etí, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú kan.

Kí ẹ tó sè é ni kí ẹ sẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tàbí igbá tó ti kan èyí tí a kò sè kò gbọdọ̀ kan èyí tó ti jinná mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń bu tútù lé gbígbóná kó lè tètè tutù. Gbogbo iṣẹ́ tí iná ti ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé ìkòkò sínú bàsíà omi tútù, ẹ dé e, ẹ pààrọ̀ omi náà bó bá ti gbóná. Bí iná mànàmáná bá dúró, fíríìjì ní 4°C, kí ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ méjì. Láìsí fíríìjì, ìwọ̀n tí ẹ máa mu lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sè: kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, wákàtí kan bí oòrùn bá mú. Ẹ má ní ẹ ó tún èyí tó ti bàjẹ́ sè. Kòkòrò kan wà tí májèlé rẹ̀ kì í gbọ́ ti iná.

Wàrà tí wọ́n ń tà lójú títì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin yàtọ̀. Omi ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, wọ́n sì ń jẹ́ kó hó kí wọ́n tó dà á sínú ajere. Lẹ́yìn iná ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́, eṣinṣin, àti omi tó ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ tún un sè nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí kí ẹ dín in dáadáa.

Aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan mílíìkì tí a kò sè, oyún lè wálẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fi mílíìkì màlúù rọ́pò ọmú ìyá rẹ̀, ẹ sè é o, ẹ má sè é o.

Ẹni tó ti ń mu ún, tí ibà ń lọ tó ń bọ̀, tó ń làágùn lóru, tí oríkèé ń ro, kó má kàn máa ra oògùn ibà àti táífọ́ọ̀dù ní kẹ́místì. Ó lè jẹ́ brucellosis. Oògùn apakòkòrò oríṣi méjì ni wọ́n sábà máa ń fi wò ó, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kókó ọrùn tó wú tí kò lọ lè jẹ́ TB màlúù, tí pyrazinamide, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún oní-TB, kì í ràn. Bí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ tètè sọ fún dókítà pé ẹ mu mílíìkì tí a kò sè, nítorí ìyẹn ni yóò jẹ́ kó mọ àyẹ̀wò tí yóò ní kí ẹ lọ ṣe.