Bí A Ṣe Ń Ṣe Lámèyítọ́ Ẹ̀dà Kan Nínú Ìwé Kọ́míìkì Ẹgbẹ́ Akọni

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan máa ń wá bá mi ka ìwé kọ́míìkì nílé wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn kọ èrò rẹ̀ nípa ẹ̀dà kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ìtàn kọ́míìkì sábà fi ń jáde lóṣooṣù, tí akọni mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ojú ìwé méjì gbáko ló kọ, akọni kan ṣoṣo, èyí tó lágbára jù, ló sì fi gbogbo rẹ̀ sọ. Mo bi í pé, “Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́?” Ó tún ìwé náà ṣí, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rántí ohun tí wọ́n ṣe.” Èsì yẹn gan-an ni ó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ lámèyítọ́ rẹ̀, nítorí pé ìwé tó bá pe ara rẹ̀ ní ìtàn ẹgbẹ́, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni a ó fi díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ ka ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò le, nítorí pé ìtàn inú ẹ̀dà kan kì í sábà ju ojú ìwé 20 sí 22 lọ. Kíkà àkọ́kọ́ wà fún ìgbádùn, ẹ má mú bírò dání. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti ń kà á, ẹ má jẹ́ kí ó máa fi àpótí àwòrán, ìyẹn àwọn igun mẹ́rin tí a ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sí, hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí fóònù náà sí ìbú kí ojú ìwé méjì lè hàn pọ̀, torí pé ayàwòrán a máa tẹ́ àwòrán kan sórí ojú ìwé méjì tó kọjú síra, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹgbẹ́ ti sábà ń dúró pọ̀.

Kíkà kejì ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹ fa ìlà sínú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí i, kí ẹ sì kọ ojú ìwé tí olúkúlùkù ti kọ́kọ́ yọjú, iye ojú ìwé tó ti hàn, ohun tó ṣe, àti bóyá ẹlòmíràn ì bá lè ṣe é. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wúwo jù. Lórí ọ̀sà wa níbí, ẹni kan a máa wa ọkọ̀, ẹnì kejì a máa da àwọ̀n, ẹnì kẹta a sì máa gbọ́n omi. Bí ẹni tó ń gbọ́n omi bá ṣíwọ́, ọkọ̀ yóò rì, bó ti wù kí ẹni tó ń da àwọ̀n mọṣẹ́ tó. Ẹ wá ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ìtàn náà. Nínú ẹ̀dà tí ọmọkùnrin yẹn kà, ọ̀dọ́bìnrin kan wà tó ń gbọ́ ohùn láti ọ̀nà jíjìn. A kà á pé ó hàn ní ojú ìwé mọ́kànlá, ṣùgbọ́n inú àpótí kan ṣoṣo ló ti lo etí rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń wá ọ̀nà bí wọn yóò ṣe pín iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ Justice League kọ́kọ́ jáde ní 1960, nínú ẹ̀dà kejìdínlọ́gbọ̀n ìwé The Brave and the Bold, ńṣe ni Gardner Fox tó kọ ọ́ pín àwọn akọni káàkiri, kí ìjà olúkúlùkù lè yàtọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni Stan Lee àti Jack Kirby gbà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ X-Men ní 1963: ọjọ́ tí Jean Grey, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, dé ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn akọni náà ń gbé ni wọ́n fi ṣí ìtàn, tí àwa náà fi ń bá a mọ àwọn mẹ́rin tó bá níbẹ̀. Nínú Avengers tí àwọn méjèèjì yìí náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, Hulk ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀dà kejì, Captain America sì wọlé nínú ẹ̀kẹrin. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tàbí tó jáde nínú ẹ̀dà tí ẹ ń yẹ̀ wò, ẹ sọ ohun tó yí padà láàárín àwọn tó kù.

Ní kíkà kẹta, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀rọ̀, kí ẹ wo àwòrán nìkan. Ṣé ìdúró ara lásán tó láti mọ akọni kan yàtọ̀ sí èkejì? Nígbà ìjà, ṣé a mọ ibi tí olúkúlùkù dúró sí? A rí àpótí kan tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn ti dúró lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ògiri. Nínú àpótí tó tẹ̀ lé e, apá òsì ló wà, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ó rìn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ a máa da ìjà rú mọ́ òǹkàwé lójú. Àmọ́ bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kò bá hàn nínú àpótí kékeré, ẹ má ka ìyẹn sí ẹ̀bi. Ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ikú àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn fún un ni òfìfo ojú yẹn di ẹ̀bi.

Ẹ dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́, nítorí pé ẹni tó kọ ìtàn, ẹni tó fi pẹ́ńsù yà á, ẹni tó fi yíǹkì tẹ̀ lé e, ẹni tó kùn ún àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sínú àwọn àwòrán náà lè jẹ́ ènìyàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òru inú ìtàn bá ṣókùnkùn débi tí a kò mọ ẹni tó ń jà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti òǹkọ̀wé. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n gbé ẹ̀bi gbogbo ka ẹnì kan lórí.

Tí ẹ bá ń kọ ọ́, orúkọ ìwé àti nọ́ńbà ẹ̀dà ni kí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nípa ìtàn, kí ẹ sì dúró kí ẹ tó dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ìdájọ́ yín ni kó gba àyè tó kù, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé lẹ́yìn ẹ̀sùn tàbí ìyìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bínú sí ẹ̀dà kan pé kò parí ìtàn tó yẹ kó gba oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun kan, ó kéré tán, tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí nínú rẹ̀. Èmi kì í fún ìwé ní máàkì, torí pé máàkì làwọn ènìyàn máa ń kà tí wọ́n á fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò rí ìwé náà rí. Ọmọkùnrin yẹn ka èyí tó kọ lẹ́ẹ̀kẹta fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyẹn sì dá a dúró láàárín, ó ní, “Ta ni ẹni tó ń gbọ́ ohùn yẹn?” Ó padà sídìí tábìlì, ó fi gbólóhùn kan kún un.