Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Eré Kọ́ Ọmọ Kíláàsì Bí Ọ̀nà Èémí Ṣe Ń Ké Gbàjarè

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá ń kọ́ àwọn SS2 nípa bí ara ṣe ń bá àrùn jà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Gbogbo ọmọ ló ti mọ̀ pé ológun ara ni wọ́n. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ẹni tó ránṣẹ́ pe ológun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun wa ni. Ní Ìbàdàn níbí, ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń kọ́ wọn, nígbà tí ìdajì kíláàsì ń fọn ikun.

Ẹ ti àga àti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ogún ọmọ tò sí ìlà méjì, kí èjìká kan èjìká. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíró àti bébà pélébé tí ẹ ya fìlà sí lórí. RNA tiwọn nìyẹn, ìyẹn iṣẹ́ tí a kọ ránṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì; RNA tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì máa ń ní ohun kan lórí bíi fìlà. Ẹ mú ọmọ kan (aláriwo kíláàsì ni mo máa ń yàn, inú rẹ̀ máa ń dùn gan-an) kó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì influenza, èyí tó ń fa àrùn flu. Bébà tirẹ̀ ò ní fìlà.

Kí ìlà iwájú kọ́kọ́ máa gbá bébà tí ẹ rún láti ọwọ́ dé ọwọ́, sí apá kan ṣoṣo. Bí irun wẹ́wẹ́ orí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ sí ọ̀fun nìyẹn, ká lè gbé e mì. Kí fáírọ́ọ̀sì wá yọ́ bébà rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan láàárín wọn.

Ẹni tó gbà á á máa dà á kọ, torí fáírọ́ọ̀sì ò lè bí sí i láìwọ inú sẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń yẹ RNA wò, RIG-I ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọ náà yẹ orí bébà wò. Kò sí fìlà? Kó pariwo "Àlejò!", kó sì fọwọ́ kan èjìká àwọn tó wà nítòsí. Interferon ni ìfọwọ́kàn yẹn, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde láti fi kìlọ̀ fún àwọn tó yí i ká. Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ kàn á ju bíró sílẹ̀. Tí fáírọ́ọ̀sì bá gbé bébà fún un, á fà á ya. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé ẹni tí àrùn ti mú ló ń kìlọ̀ fún aládùúgbò. Ọdún 1957 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alick Isaacs àti Jean Lindenmann rí interferon ní Lọ́ńdọ̀nù: wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì influenza tí wọ́n ti fi ooru pa sára awọ inú ẹyin adìyẹ tó ti ń di ọmọ, omi tó tibẹ̀ wá sì dáàbò bo awọ mìíràn.

Ẹ tún eré náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí fáírọ́ọ̀sì ní purotéènì tó ń jẹ́ NS1, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kìlọ̀: kó fọwọ́ bo ẹnu ẹni tó kọ́kọ́ fún ní bébà. Ẹ ka iye bébà tí wọ́n dà kọ nígbà méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Lójú tèmi, iye méjì yẹn sàn ju àlàyé ìdajì wákàtí lọ.

Àwọn ọmọ tó kù, tí wọ́n jẹ́ ológun, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ṣì wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti ń kùn. Ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn bó ọsàn, kí àwọn ológun dijú, kí wọ́n tọ òórùn rẹ̀ wọlé. Chemokine ni òórùn yẹn dúró fún, èròjà tó ń pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wá síbi tí àrùn wà. Ẹ má ṣe é ní pápá o, atẹ́gùn á gbé e lọ.

Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí ikun fi ń dà bí àwọ̀ ewé. Wọ́n á ní ìdọ̀tí ni, tàbí pé ó ti tó lo Ampiclox. Èròjà aláwọ̀ ewé kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó tọ òórùn wá ló fà á, oògùn tó ń pa bakitéríà ò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ara gbígbóná àti ara ríro ńkọ́? Kí wọ́n fúnra wọn wá ẹni tó fà á láàárín àwọn tó ń pariwo "Àlejò!"