Bí a ṣe ń ṣírò ìfà tó wà nínú okùn kànga

Ní àgbàlá wa n'Íjẹ̀bú-Òde, okùn kànga kì í já nígbà tí korobá bá rọ̀ jẹ́ẹ́. Ọwọ́ ẹni tí gaàrí rẹ̀ ń dúró de omi ló máa ń já sí. Àwọn òfin ìrìn mẹ́ta tí Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ jáde ní 1687 ló mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú korobá nìkan, kí ẹ gbàgbé kànga àti ẹni tó ń fami. Kí ló ń fà á? Ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀, okùn ń fà á sókè. Ẹ ya ọfà méjèèjì sínú ìwé. Okùn kì í ti nǹkan o, fífà nìkan ló mọ̀.

Ẹ wá ṣírò ọfà ti ilẹ̀. Omi lítà 10 jẹ́ kìló 10 (ẹ jẹ́ ká gbójú fo korobá fúnra rẹ̀). Òòfà ilẹ̀ lórí kìló kan jẹ́ Newton 9.8 (orúkọ Newton náà la fi ń pe ìwọ̀n agbára fífà), àmọ́ 10 rọrùn: 10 lọ́nà 10, Newton 100.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ló kàn: báwo ni korobá ṣe ń rìn? Tó bá dúró, ìfà okùn jẹ́ 100. Tó bá ń gòkè, tí eré rẹ̀ kò lé tí kò dín, 100 náà ni! Òfin kìíní nìyẹn. Ìgbà tí eré bá ń pọ̀ sí i ni ìyà okùn ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní eré náà ń fi mítà 2 lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, òfin kejì ní kí ẹ fi 10 lọ́nà 2 kún un: 120. Ẹni tó bá já a gbà sókè lójijì lè sọ mítà 2 yẹn di 10, okùn á sì gbé 200.

Bí ẹ ṣe ń fa okùn ló ń fà yín padà, ìwọ̀n kan náà. Òfin kẹta nìyẹn, àtẹ́lẹwọ́ yín sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí èèyàn méjì bá ń fa okùn kan, tí kálukú ń fi 100 fà á, 100 ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe 200.

Ìṣirò okùn ìsáṣọ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sá agbádá Ojúde Ọba tó ṣì tutù, kìló 2, sí àárín okùn mítà 4. Newton 20 ni, ẹ lè rò pé 10 ni yóò kan apá kọ̀ọ̀kan. Rárá. Bí àárín okùn bá tẹ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 péré, ẹ fi 0.2 pín mítà 2 tó jẹ́ ìdajì okùn, ẹ ó rí 10. Ìdajì ẹrù náà, Newton 10, lọ́nà 10 yìí jẹ́ 100 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ dẹ okùn náà díẹ̀, kó tẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 40, ìfà náà yóò sì dín kù sí nǹkan bíi 50.