Bí mo ṣe fi ìwé ìtàn ìlú wa pamọ́ sí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè

Àbúrò bàbá mi ló kọ ìwé ìtàn ìlú wa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀wé kékeré kan, wọ́n pín in níbi ọdún ìlú, ó sì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo wá a kiri, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo rí, ikán sì ti jẹ etí rẹ̀. Mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fi àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kún un, mo wá pinnu pé ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò ní sọnù.

Láìbìrì ìpínlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, torí mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo láìbìrì ìjọba. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni tiwọn, yunifásítì ló ni tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abuja, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Arábìnrin tó wà nídìí tábìlì ló là mí lójú: “Ẹ̀gbọ́n, a máa gba ìwé yín kí àwọn ọmọ lè máa kà á, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò sí lọ́wọ́ wa. Ẹ lọ bá ti ìjọba àpapọ̀.”

ISBN ni nọ́ńbà tó ń wí, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ní Nàìjíríà, Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ló ń fún àwọn tó ń tẹ ìwé jáde. Àwọn náà ló ń fún ìwé ìròyìn àti màgásíìnì ní ISSN, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ tiwọn. Mo kọ àkọlé ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde sínú fọ́ọ̀mù, mo sanwó, nọ́ńbà mi sì jáde.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí. Nọ́ńbà 13 ni ISBN láti ọdún 2007. 10 ni tẹ́lẹ̀. 978 tó ṣíwájú ń sọ pé ìwé ni ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni. 978 tó tún tẹ̀ lé e, Nàìjíríà ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń rí 978-978 lẹ́yìn ìwé tiwa. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀ṣọ́ tó ń fi àṣìṣe hàn: ẹ fi 1 sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ fi 3 sọ ìkejì, ẹ tún padà sí 1, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òdo ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn àròpọ̀ náà. Àròpọ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ti ìwé tiwa máa ń jẹ́ 96, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìṣirò yìí ló gbà mí: ẹni tó ṣe èèpo ẹ̀yìn ìwé mi kọ 31 síbi tí 13 yẹ kó wà. Àròpọ̀ kò bọ́ sí òdo, a sì tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà kankan.

Lẹ́yìn tí ìwé jáde ló kan ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe. Òfin ọdún 1970 sọ pé kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde kó ẹ̀dà 3 lọ fún Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè láàárín oṣù kan, lówó ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà 10 ni. Ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 25. Nínú 3 tèmi, 2 ló máa wà ní ìpamọ́ títí láé, wọ́n á sì fi ìkẹta ránṣẹ́ sí láìbìrì Yunifásítì Ìbàdàn. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Láti ọdún 1950, nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, ni òfin ti ní kí wọ́n máa kó ìwé lọ sí Ìbàdàn, ọdún mẹ́rìnlá kí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè tó ṣílẹ̀kùn ní Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 1964. Ìbàdàn náà ló ń ṣe àkójọ orúkọ àwọn ìwé tó ń jáde nílẹ̀ yìí kí ti ìjọba àpapọ̀ tó gba iṣẹ́ náà. Ká ní ẹnì kan gbé ìwé àbúrò bàbá mi débẹ̀ nígbà náà, kì bá tí jẹ́ ikán nìkan ló kà á tán. Ó ń dùn mí bí àwọn ìlú wa ṣe ń ná owó rẹpẹtẹ sórí ìfilọ́lẹ̀ ìwé, tí ẹ̀dà mẹ́ta péré kì í sì í dé ibi tó yẹ.

Mo kó tèmi lọ sí ẹ̀ka Ìbàdàn, mo gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á. Ẹ̀dà ìpamọ́ kì í jáde nílé o. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ lọ bá a níbẹ̀. Torí náà mo padà lọ bá arábìnrin àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú ẹ̀dà 2, mo sì gbé 5 lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wa, kí àwọn ọmọ lè máa yá a.