Bí mo ṣe ṣètò owó ìwádìí àìsàn ọpọlọ fún onímọ̀ kan ṣoṣo

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kàbà, nílẹ̀ àwọn Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, fọwọ́ sí i pé kí a náwó sí ìwádìí lórí ìsoríkọ́. Èmi akápò ni wọ́n ní kí n ṣètò rẹ̀. Ẹnì kan ni a fẹ́ tì lẹ́yìn, kì í ṣe ilé ìwòsàn tí wọn yóò kọ orúkọ wa sára ògiri rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wo bí Brain & Behavior Research Foundation ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é. Ọdún 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀, NARSAD ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Wọ́n máa ń fún onímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní tó $35,000 lọ́dún, fún ọdún méjì. Olùrànlọ́wọ́ lè yan onímọ̀ kan kó sì máa gba ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ìgbìmọ̀ onímọ̀ ló ti kọ́kọ́ yẹ ìwé gbogbo àwọn tó béèrè wò. Ọgbọ́n tí mo mú níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ ló yẹ kí owó kékeré bá. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti lórúkọ á rówó níbòmíràn. Ọ̀dọ́ kò ní èsì kankan lọ́wọ́, àwọn tó ní owó ńlá kì í sì í dá ẹni tí kò ní èsì lóhùn.

Ojú ìwé méjì ni mo ní kí olúkúlùkù ọ̀dọ́ onímọ̀ tó béèrè owó wa kọ: ìbéèrè kan ṣoṣo tó fẹ́ dáhùn, iye ènìyàn tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ìnáwó, àti orúkọ ọ̀gá tí yóò máa bójú tó o. Ẹ wo iye ènìyàn yẹn dáadáa. Ẹni tó kàn kọ 200, tí kò sọ bó ṣe ṣírò rẹ̀, kò tíì múra. Mo wá fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́ sí oníṣègùn ọpọlọ méjì, ọ̀kan ní Ìlọrin, èkejì ní Ìbàdàn, nítorí nílẹ̀ Òkun, bí ènìyàn kò bá jẹ́ ẹbí rẹ, àna rẹ ni.

Ẹni tí wọ́n mú fẹ́ lo PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí a fi ń mọ bí ìsoríkọ́ ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn, láàárín àwọn àgbẹ̀ Owé, Ìjùmú àti Yàgbà. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá 27. Ẹni tó bá gba 10 sókè yẹ kó rí dókítà. Ibi méjì ni ìnáwó rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó.

Èkínní ni ìtumọ̀. Yorùbá inú ìwé kò tó fún ìyá àgbà ní Ìsánlú. Ènìyàn méjì ni yóò túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò jókòó fi ẹnu kò, ẹni kẹta tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rárá yóò tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kà á fún àwọn ará abúlé díẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó yé wọn. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ń gba owó, ọ̀pọ̀ kì í sì í kọ ọ́ sínú ìwé.

Èkejì ni ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó ń béèrè bóyá ikú tàbí ìpalára ara ẹni ń wá síni lọ́kàn. Bí ẹnì kan bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ rí ẹni tó mọṣẹ́. Mo fi owó ọkọ̀ àti owó dókítà tí a lè pè nígbàkígbà kún un. Láìsí ètò yìí, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kí ó má bàa pa ẹnikẹ́ni lára kò yẹ kó fọwọ́ sí i.

Owó kò wọ àkáǹtì ara rẹ̀ o. Àkáǹtì ìwádìí ní yunifásítì rẹ̀ ni a san án sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé iye tí wọn yóò yọ fún ìṣàkóso. Ẹ má gba ti ẹnu. Mo pín in sí 40, 40 àti 20 nínú 100. Àkọ́kọ́ jáde nígbà tí ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ yẹn dọ́wọ́ mi, èkejì nígbà tí wọ́n ti bá ìdajì àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ni ẹ so owó mọ́, ẹ má so ó mọ́ oṣù, torí bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, oṣù á lọ, iṣẹ́ á dúró. Nítorí ìyẹn náà ni àdéhùn wa ṣe fi àyè oṣù mẹ́fà kún àkókò iṣẹ́ láìsí àfikún owó. Nínú owó kan náà, mo ya 10 nínú 100 sọ́tọ̀ nítorí epo bẹntiróòlù.

Àwọn tó dáwó jọ fẹ́ mọ ẹni tí àìsàn náà wà lára rẹ̀. Rárá ni mo sọ. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kò gbà á, ìlú wa sì kéré: bí ìròyìn bá kọ “opó, ẹni ọdún 52, tó ń ta gàrí” ní abúlé kan, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dárúkọ nínú ìròyìn tí à ń gbà. A sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹgbẹ́ kò lè dá èsì dúró, bó bá tiẹ̀ burú létí wa.

20 nínú 100 tó kù wà ní bánkì. Ìròyìn ìparí àti ẹ̀rí pé ó ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà onímọ̀ ni yóò mú un jáde.