Orin Tó Há Síni Lórí: Ìdí Tó Fi Ń Há àti Bí A Ṣe Ń Lé E

Orin tó há síni lórí kì í sábà jẹ́ odindi orin. Ẹ fetí sí èyí tó ń yí nínú yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ ó rí i pé ègbè ni, tàbí ìlà méjì péré láti inú ègbè, tí kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ó dé ìparí ìlà náà, kò lọ síwájú, ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àjákù ni. Ohun tó sì ń lé àjákù lọ ni kí a parí rẹ̀, kì í ṣe kí a bá a jà. Ẹni tó bá di èyí mú ti ní ìdajì ojútùú lọ́wọ́.

Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ìwádìí tí Lassi Liikkanen ṣe láàárín àwọn ará Finland tó lé ní 12,000 lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi hàn pé nǹkan bí ẹni 9 nínú 10 ni orin máa ń há sí lórí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ orin tí a fẹ́ràn. Bí kò bá dí yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó máa yí.

Ọpọlọ kì í fẹ́ kí orin tó mọ̀ já lójijì. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà gé ibì kan kúrò nínú orin táwọn èèyàn mọ̀ dáadáa, wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń wo ọpọlọ àwọn tó ń gbọ́ ọ. Apá tí ọpọlọ fi ń gbọ́ ìró kò sinmi ní gbogbo ìgbà tí orin fi dákẹ́. Fúnra rẹ̀ ló ń kọ ibi tí wọ́n gé yẹn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbọ́ ègbè orin kan láti ara ọkọ̀ tó ń kọjá lọ, tí ọkọ̀ náà sì bá orin lọ. Inú yín á máa bá a kọ.

Gbogbo orin kọ́ ló ń há bẹ́ẹ̀. Kelly Jakubowski ti Yunifásítì Durham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi èèyàn 3,000 pé orin wo ló ń há sí wọn lórí. “Bad Romance” ti Lady Gaga ló gba ipò kìíní nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2016. Wọ́n wá gbé àwọn orin tí wọ́n dárúkọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orin tó lókìkí bákan náà àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Ìlù èyí tó ń há máa ń yá jù. Ohùn rẹ̀ máa ń gòkè, kó tún sọ̀ kalẹ̀, lọ́nà tí etí ti mọ̀ nínú orin ọmọdé. Síbẹ̀, ibì kan máa ń wà nínú rẹ̀ tí ohùn ti fò sókè tàbí tí ó ti ṣe àtúnkọ lọ́nà tí a kò retí. Ìrọ̀rùn ló jẹ́ kó wọlé, ibi tí a kò retí yẹn ni kò jẹ́ kó jáde.

Nínú orin tiwa tó ní lílé àti ègbè, ègbè ló sábà máa ń há. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe to orin náà: ẹni tó ń lé orin ń yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn ẹlẹ́gbè kì í yí tiwọn. Kí orin tó tán, ègbè kan náà lè ti wọ etí wa nígbà ogún, nígbà tí lílé kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. A há ègbè sórí, a gbàgbé lílé. Láìsí lílé tó máa gbé e lọ síwájú, ègbè kò ní ibòmíì tó máa lọ ju ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tún jẹ́ Yorùbá, ohùn orin sábà máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ọ̀kan á sì máa fa èkejì wá.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹ mọ orin náà ní orúkọ. Bí ẹ kò bá mọ àkọlé rẹ̀, ẹ ṣí Google lórí fóònù, ẹ tẹ máìkì, ẹ bi í pé orin wo nìyí, kí ẹ wá kùn ún fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Kò béèrè ọ̀rọ̀ orin, ohùn rẹ̀ nìkan tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ odindi rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ṣe pàtàkì, torí pé orin tí a gbọ́ láìpẹ́ tí a sì gbọ́ léraléra ló ń há jù. Ẹ pa àtúnlù lórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo fídíò kékeré orí TikTok, nítorí ègbè nìkan ni wọ́n sábà gé síbẹ̀, àjákù mìíràn lẹ ó sì tún fi kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí àwọn lílé ju ègbè lọ. Bí ẹ bá lè bá olórin kọ lílé náà sókè, ó dára jù. Ohun kan tún wà tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: ọ̀pọ̀ orin inú àwo kì í parí, ńṣe ni ohùn rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pòórá. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ní òpin tí etí lè dì mú. Ẹ wá èyí tí olórin náà kọ lórí ìtàgé, níbi tí àwọn onílù ti jọ gé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí orin bá ti tán, ẹ má jókòó lásán. Ìwádìí Ira Hyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Western Washington University ní 2013 fi hàn pé orin tó bá ń bá a lọ nínú èèyàn ní kété tó gbọ́ ọ tán ló ṣeé ṣe jù kó tún padà wá láàárín wákàtí 24. Nítorí náà, ẹ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tó ń lo ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹnu ni ká kọ́kọ́ fún ní iṣẹ́. Ohun èlò tí a fi ń múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ká tó sọ ọ́ kan náà la fi ń kọrin sínú, kódà bí ètè kò bá mì. Philip Beaman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Reading dán an wò ní 2015: àwọn tó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ orin kò rántí orin náà tó àwọn tí kò jẹ nǹkan kan. Wọ́n tún ní kí àwọn kan máa fi ìka lu tábìlì, ìyẹn kò ṣe tó ṣíngọ́ọ̀mù. Ẹ máa jẹ ẹ́ léraléra fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ má sì jẹ́ kí àgbọ̀n tẹ̀lé ìlù orin tí ẹ ń lé, nítorí ẹ ó kàn máa ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹni tí kò fẹ́ràn ṣíngọ́ọ̀mù lè ka ìwé sókè, kó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yékéyéké.

Irú iṣẹ́ tí ẹ bá yàn ṣe kókó. Iṣẹ́ tó rọrùn jù, bíi fífọ abọ́ tàbí gbígbá ilẹ̀, ń fi àyè sílẹ̀ fún orin. Èyí tó le jù náà kò dára: ọkàn á kúrò nínú rẹ̀, orin á wọlé. Hyman rí èyí gbangba nígbà tó fún àwọn èèyàn ní sudoku, eré tí a ti ń fi nọ́ńbà dí àwọn àlàfo inú àpótí. Ẹ wá èyí tó wà láàárín: títo lẹ́tà márùn-ún tó dàrú di ọ̀rọ̀, kíkọ lẹ́tà sí ènìyàn, ìwé ìtàn tó dùn. Bí orin bá tún yọjú láàárín iṣẹ́, ẹ yí iṣẹ́ náà padà kó le sí i díẹ̀ tàbí kó rọ̀ díẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi orin lé orin. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ yan orin tí ìlù rẹ̀ kò yá, tí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì ní ibi tó parí sí ní tòótọ́. Orin orílẹ̀-èdè wọn wà lára ohun táwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn ń lò. Orin inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì náà yẹ fún un. Ẹ kọ ọ́ tán pátá.

Èyí tí kò yẹ kí ẹ ṣe rárá ni kí ẹ máa pàṣẹ fún ara yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ rántí rẹ̀. Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fi èyí hàn ní 1987. Ó ní káwọn èèyàn má ronú nípa béárì funfun, òun gan-an ló sì ń wá sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó ń ṣọ́ bóyá orin ti lọ ti tún pè é padà.

Alẹ́ ló máa ń pọ́n ènìyàn lójú jù. Ẹ gbé íyapíìsì sílẹ̀, ó kéré tán, wákàtí kan kí ẹ tó sùn. Ẹ má rò pé orin tí a yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ yóò sàn jù: ìwádìí Michael Scullin ní Yunifásítì Baylor ní 2021 fi hàn pé orin táwọn èèyàn mọ̀ tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò há sí wọn lórí ju èyí tó ní ọ̀rọ̀ lọ, ó sì ń ba oorun jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ló ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù náà kiri. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́la sínú ìwé. Scullin kan náà ti rí i ní 2018 pé àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tètè sùn ju àwọn tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti parí.

Ẹ lọ rí dókítà bí orin náà bá ń dún bíi pé láti ìta ló ti ń wá, pàápàá bí etí àgbàlagbà kan bá ti ń di. Kí ẹ tún lọ bí kò bá jẹ́ kí ẹ sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí tó bá bá orí fífọ́ líle tàbí gìrì rìn. Ohun mìíràn nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.