Tó o bá fẹ́ ra hẹ́ẹ̀dífóònù tó ju tọwọ́ ẹ lọ

Kó o tó yọ owó lápò, bi ara ẹ pé kí ló sú ẹ nínú èyí tó o ní. Ṣé béèsì ẹ̀ ló ń bo ohùn olórin mọ́lẹ̀ ni, àbí ó ń gbóná sí ẹ létí?

Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀, bíi Sennheiser HD 600, ohùn ẹ̀ máa ń fẹ̀ gan-an, àfi bíi pé àwọn onílù jókòó sínú yàrá pẹ̀lú ẹ, ṣùgbọ́n tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti dún pẹ́nrẹ́n o máa gbọ́ ọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ náà á sì máa gbọ́ orin ẹ. Inú bọ́ọ̀sì? Mú ẹlẹ́yìn dídé, bíi DT 770 Pro ti Beyerdynamic.

Wo ohm ẹ̀ náà o, ìyẹn òǹkà bó ṣe ń dènà iná tó; tó bá ti ga, ó máa ń ṣòro fún fóònù láti gbé e! 300 ni ti HD 600, fóònù lásán ò lè gbé e dáadáa, wàá tún wá owó amp, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn. DT 770 Pro ní oríṣi 32, 80 àti 250 ohm, 32 ni kó o mú tó bá jẹ́ fóònù lo fẹ́ fi gbọ́ ọ.

Fi orin tó o mọ̀ dunjú dán an wò (jùjú lèmi máa ń lò, torí gángan), wọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, kó o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta fóòmù etí ẹ̀ lọ́tọ̀, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ bó.